Ọta Ìda Ni Mo Yìn Sí Yín Láyà

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti dàgbà ju bí ẹ ti dàgbà tó lọ báyìí. Orúnkún mi ń dún bí mo bá fẹ́ dìde, mo sì ti ń sọ ìtàn kan náà lásọtúnsọ fún àwọn ọmọ-ọmọ, bí ẹ ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí n kò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọta tí mo yìn sí yín láyà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ lójú gbogbo ará Ifangni, ìda ni. Ìda oyin tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé fún mi ni.

Ẹ rántí ayé ìjọba Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí a kì í kí ara wa kí a má kọ́kọ́ kígbe pé ìjà ń tẹ̀síwájú. Mo jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àjàṣẹ́ dé, ẹnu mi kún fún Faransé, wọ́n sì fi mí ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa ṣọ́ ìlú. Ẹ̀yin a máa pe oyè Rẹfolúsíọ̀n náà láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀. "Kàmáràdì, ìgbálẹ̀ ń wá ọ o!" N óò fajú ro, ẹ óò rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi mú yín.

Ìbọn ìléwọ́ wà lọ́wọ́ wa, ọta gidi ni kò sí. Sọ́jà tó wá kọ́ wa ló fi ọgbọ́n kan hàn mí: kí a fi ìda dí ẹnu kóròfo ọta, kí a má fi ẹ̀tù sí i rárá. Iná kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ nìkan ni yóò ta ìda náà jáde. Bí ó bá ba èèyàn lára, yóò ta á bí ẹni pé ọmọdé fi rọ́bà ta á ní òkúta, kò ní wọlé. Ó kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́, kí àwọn olè ojú ọ̀nà Igolo má baà mọ̀ pé ọwọ́ wa ṣófo.

Mo wá bá yín lóko yín ní Lagbé fún ìda. Ẹ ti fún oyin tán, ẹ ti yọ́ afárá, ẹ dà á sínú igbá tí ẹ fi omi ra kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní tábìlì ilé ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ fi kùn. Ẹ ní tábìlì náà yóò dán ju orí ọ̀gá mi lọ.

Ní ìpàdé kan, mo dìde, mo sọ fún gbogbo ìlú pé irọ́ ni oògùn àwọn ọdẹ, òun ló ń fa àwọn àgbẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọdẹ náà jókòó níbẹ̀. Ọjọ́ tí a tún ń fi ìbọn dánra wò ni ẹ wọ pápá dé, ẹ̀wù ayẹta bàbá yín lọ́rùn yín, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì yìnbọn sí rí.

"Kàmáràdì, o ní irọ́ lẹ̀wù yìí. Ó yá, yìn ín."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

"Àbí ìbọn yín kò ní ọta ni?"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ẹ̀rù àṣírí náà sì bà mí. Mo yìn ín. Ìda fọ́ sí yín láyà. Ẹ fi ìka gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ ní ọta ti yọ́, wọ́n sì ti gbé yín lé èjìká kí n tó la ẹnu. Ṣé òórùn ìda yín kò kàn yín nímú ni?

Mo fẹ́ sọ fún yín nílé. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹran tó tóbi jù sínú àwo mi, ẹ ní mo ti dá yín láre lójú ayé. Ó pẹ́ tí ẹ ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò mí. Mo jẹ ẹran náà.

Nígbà òjò, àwọn olè dá àwọn obìnrin tó ń ti ọjà Igolo bọ̀ dúró ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ní gbogbo ọkùnrin sá, àfi ẹ̀yin. Wọ́n ní ẹ wọ ẹ̀wù yẹn, ẹ ń rìn lọ bá ìbọn àwọn olè náà ni, ẹ ń sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn yín. Nígbà tí mo fi ti ilé ẹ̀kọ́ sáré dé, ọta ti wọ̀ yín láyà, wọ́n ti tẹ́ yín sábẹ́ ọ̀pẹ. Ìyá mi dé, omi gbágùúdá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ ní, "Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀wù mi?" Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yín nìyẹn.

Gbogbo wọn mọ̀ pé obìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀wù ayẹta, gbogbo wọn sì yí ojú sí ìyá mi. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ìfọwọ́kàn ló pa yín. Mo dúró níbẹ̀, mo dákẹ́.

Àwọn àbúrò yín lé ìyá mi jáde, wọn kò jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ yín nínú ilé. Ó lọ sí Igolo, ó ń fi orí ru ẹrù fún àwọn oníṣòwò, àwọn ọmọdé sì ń pè é ní abẹ̀wùjẹ́. Mo ń gbé ọṣẹ àti ẹja lọ fún un. N kò gbé ọ̀rọ̀ lọ. Mo ń tan ara mi pé ẹ̀rù ìjọba ló ń bà mí. Ìjọba náà lọ, ẹnu mi kò ṣí. Lẹ́yìn náà mo mú un wá sọ́dọ̀ ara mi, mo sì rò pé oúnjẹ gbígbóná lè dípò òtítọ́.

Nínú ọyẹ́ yìí ni mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń pa ẹ̀gúsí. Kò dáwọ́ dúró.

"Mo mọ̀ pé n kò fọwọ́ kàn án," ó ní. "Ara mi ni ọwọ́ mi wà."

Mo ní kó dárí jì mí.

"Bàbá rẹ ló gbé ìbéèrè náà lọ. Lọ dá a lóhùn ná."

Mo pe ẹbí jọ, mo sọ ọ́ níwájú wọn. Àwọn tó lé e ti kú. Àwọn ọmọ wọn ló gbọ́, wọ́n tẹ orí ba. Ẹ̀yin ló wá kù. Bàbá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ̀wù yín. Aya yín kò ṣẹ̀ yín. Èmi ọmọ yín ni mo jẹ́ kí ẹ gbàgbọ́ pé ọta kò lè ràn yín.

Ó ti darúgbó gan-an, oorun rẹ̀ sì ti ń gùn. Bí ó bá ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì lè sọ pé kí ẹ dárí ji òun.