Bàtà Tí Ìjọba Rà

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹta

Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń pín fún aráàlú nílẹ̀ òyìnbó níbí wọ àkáǹtì wa lánàá. Ọkọ mi, tí kò fẹ́ràn Ààrẹ yìí rárá, fàáké kọ́rí.

"N kò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n fẹ́ fi ra ìbò wa ni."



Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ mi ní Union City dé nírọ̀lẹ́ òní, ẹsẹ̀ mi ti wú, torí orí ìdúró la ti ń di ọjà sínú páálí. Ọkọ mi gbé bàtà tuntun kan wá, inú rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù.

"Ẹ ti ná owó náà nìyẹn?"

"Èmi kọ́. Ìjọba ló rà á fún ẹ."

Ó kúnlẹ̀, ó fi wọ̀ mí. Ó dẹ okùn ti ẹsẹ̀ òsì díẹ̀. Mi ò sọ fún un rí pé òsì ló ń dùn mí jù.