Wọ́n Kọ Orúkọ Rẹ Síbi Bàbá

Àgọ́ Ṣóbọ̀wálé,
Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, ọdún 2016.

Ṣọlápé, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò mú ọ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tó sùn lórí ẹ̀ka igi kò ní gbàgbé yín ní Thamesmead ní London níbẹ̀. Àwa náà wà láàyè. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, kòkó ẹ̀yìn ilé ti ń so, ewúrẹ́ mi bí ìbejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn mí ti fi mí sílẹ̀, ó ti bọ́ sí ti òsì.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí. O rántí pé nígbà tí o sọ fún mi lórí fóònù pé ìwọ àti Fíbì ti ṣègbéyàwó, pé ẹ ti lọ gba àtọ̀ ọkùnrin kan nílé ìwòsàn, Fíbì sì ti lóyún, oṣù mẹ́rin gbáko ni mi ò fi gbé fóònù rẹ mọ́. O rò pé mo ń bínú. Mo bínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbínú yẹn ò pé oṣù kan. Èyí tó kù, owú ni. Mo ń rò ó pé inú Fíbì ni ọmọ ti máa jáde, ọmọ ọmọ Líà ìyá Fíbì ni yóò jẹ́, èmi á kàn máa wò ó bí ẹni tó dé ọjà láìlówó lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ wá bímọ, fóònù Nọ́ọ̀sì Bíntù tó ń fún wa lóògùn ní díspẹ́ńsárì ni o fi fọ́tò ránṣẹ́ sí, nítorí tọ́ọ̀ṣì nìkan ni fóònù tèmi ní. Fọ́tò àkọ́kọ́, Líà ló gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìkejì, Líà. Ìkẹta, Líà ń fún un ní wàrà, ọmọ dé fìlà tí o ní Líà rà lọ́jà Beresford Square. Mo ní kí Bíntù bá mi tẹ ọ̀kan jáde. Mo fi abẹ gé Líà kúrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn ọmọ, mi ò lè gé e láìgé ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e kọ́ sára ògiri. Àwọn tó bá wá kí mi a máa bèèrè pé ọwọ́ ta nìyẹn, mo máa ń sọ pé ọwọ́ dókítà ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni sátífíkéètì ìbí tí ẹ gbà ní Woolwich wọlé sínú fóònù Bíntù. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó jókòó, ó ń kà á fún mi. Ó ní orúkọ Fíbì ló wà níbi ìyá. Mo ní mo mọ̀, kó máa lọ. Ó ní níbi tí wọ́n kọ bàbá tàbí òbí sí, Ṣọlápé Ṣóbọ̀wálé ló wà níbẹ̀. Mo ní kó tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á. Ṣọlápé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló kọ ọ́ síbi bàbá. Bí ìwọ bá wà níbi bàbá, èmi ni ìyá ọkọ. Líà, ìyá ìyàwó ni. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti gbé ìyá ìyàwó ṣáájú ìyá ọkọ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Bíntù ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí òfin ń sọ ni pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ́ òbí ọmọ, pé kò sọ ọ́ di ọkùnrin, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ kì í ṣe tìrẹ. Mo ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló kọ́, kò kọ́ àṣà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mi ò jẹ́ kó mọ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀, nítorí ohun tó ń dẹ́rù bà mí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, pé lọ́jọ́ kan wọ́n á ní ìwọ kì í ṣe ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo padà wá bèèrè ọkùnrin tó fún yín ní àtọ̀. Bíntù ní kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, òfin ò kà á sí bàbá, ọmọ fúnra rẹ̀ ló lè bèèrè ẹni tó jẹ́ nígbà tó bá pé ọdún méjìdínlógún. Mo bi í pé ṣé ọkùnrin náà ní ìyá. Ó ní ta ni kò ní. Mo ní ṣé ìyá yẹn ò ní dé lọ́jọ́ kan kó ní òun ni ìyá ọkọ. Bíntù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní rárá. Ọkàn mi balẹ̀. Líà nìkan náà ti tó mi.

Ó wá ku orúkọ ọmọ. Ìléríolúwa Líà Ṣóbọ̀wálé. Orúkọ bàbá rẹ olóògbé wà lẹ́yìn, mo dúpẹ́. Ìléríolúwa dára. Kí ni Líà ń wá láàárín? Mo rí i pé àyè ṣófo wà létí ìwé náà, mo fẹ́ kí o fi bírò kọ orúkọ tèmi síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Bíntù ní ẹ̀wọ̀n ni. Ó ní wọn ò tilẹ̀ ṣe ibì kankan fún ìyá àgbà nínú ìwé yẹn, àti èmi àti Líà. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé oríkì kì í wọ inú ìwé, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Àbẹ̀ní ni mo fún un. Máa pè é sí i létí láràárọ̀, kí bọ́ọ̀sì tó gbé Líà dé. Kí o sì máa fọwọ́ dáadáa kí o tó gbé e, mi ò gbàgbé pé omi ìdọ̀tí London ni iṣẹ́ rẹ ní Crossness.

Bá mi fi owó ìwé ìrìnnà ránṣẹ́, àti owó mọ́tò tí n ó wọ̀ lọ ya fọ́tò ìwé náà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bíntù ní fọ́ọ̀mù físà máa bèèrè ohun tí mo ń bọ̀ wá ṣe. Kọ ọ́ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ti ń wẹ̀ ẹ́, sọ fún wọn pé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kì í na ọmọ lápá, kì í na ọmọ lẹ́sẹ̀.

Sọ fún Fíbì pé mo kí i. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń pè é ní ọ̀rẹ́ rẹ, mo sì mọ ohun tí mo ń ṣe. Ìyàwó mi ni. Kó máa jẹun, kó má tíì gbé nǹkan tó wúwo. Ilé yín ò ní dàrú, ẹ ó rí owó tọ́jú Àbẹ̀ní, ẹ ó rí ojú wò ó, ẹ ó dàgbà dàgbà, òun ni yóò sì gbẹ̀yìn ẹ̀yin méjèèjì.

Kí Líà náà fún mi. Kí i, ṣùgbọ́n má kí i pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdùkẹ́ Ṣóbọ̀wálé.