Kòrónà Ọkọ Mi

Ọjọ́bọ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Láti àárọ̀ ni ọkọ mi, díákónì ìjọ wa, ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Àyẹ̀wò tí nọ́ọ̀sì ṣe fún un ní kòrónà ti mú un. Ojú fèrèsé ni mò ń gba gbé oúnjẹ fún un, mo sì ń sunkún.

Nírọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì padà wá tún àyẹ̀wò náà ṣe. Òwú tó kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu pọ́n wẹ̀ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì ní, "Obì ni, mà. Òun ló da àyẹ̀wò rú. Díákónì, ẹ fọ ẹnu yín."

Ó fọnu, nọ́ọ̀sì sì tún àyẹ̀wò ṣe. Kò sí kòrónà kankan.

Ọkùnrin yìí kan náà ló da kọfí mi nù lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ìjọ wa ò fẹ́ kọfí, kò sì fẹ́ obì.

Irọ́ ni àyẹ̀wò yẹn pa, àmọ́ irọ́ ọ̀hún ló tú àṣírí ọkọ mi.

Ìtìjú ò jẹ́ kó tíì jáde. Mo ti ra kọfí mìíràn. Iwájú fèrèsé rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń mu ún.