Omi Lára Táyà Apá Òsì

Ẹ̀yìn Ọjà Gamboru,
Maiduguri,
Ìpínlẹ̀ Borno.
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹrin, 2025.

Amudat ọ̀rẹ́ mi, ìyá Dúrósinmí,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Dúrósinmí ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ún, ṣé ó ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Dúrósinmí alára ńkọ́, ṣé ó ti ń ráyè ìwé láàárín bọ́ọ̀lù? Mo kí gbogbo yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ o. Tiwa níbí, a dúpẹ́. Ooru Maiduguri kò jẹ́ ká sùn, ṣùgbọ́n a ń jí, ìyẹn náà tó ọpẹ́. Ẹ kú àdúrótì wa láti ìgbà tí Ṣàíbù ọkọ mi ti jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ tí o ń bá mi sọ lórí fóònù nígbà náà ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

O mọ ìwà Ṣàíbù. Kó tó gbé ọkọ̀ lọ sí ìrìn-àjò, á gbé kẹ́tù àlùwàlá, á da omi tó kù sára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á ní kí ọ̀nà lè tutù ni. Bàbá rẹ̀ tó wa ọkọ̀ títí di arúgbó ló kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń fi owó ra omi yẹn lọ́wọ́ mai ruwa tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì kiri! Mo máa ń pariwo pé omi ọbẹ̀ mi ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń fún rọ́bà mu. Yóò kàn rẹ́rìn-ín ni.

Zakiyyah ọmọ mi wá rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wọ̀ ní Damaturu. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gbé e lọ. Àmọ́ ọjọ́ ti lọ lórí ìwé tó ń jẹ́rìí pé wọ́n ti yẹ ọkọ̀ náà wò lọ́dún yìí, àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa gba iye tó tọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Mallam Modu, ọkùnrin Kanuri tó ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́nà Kasuwan Shanu, ọjà màlúù. Ó dárúkọ owó, mo ní ṣé màlúù kan wà lórí ẹ̀ ni. Ó ní òun máa gbé ọkọ̀ sókè, òun máa wọ abẹ́ rẹ̀, òun máa wà á fúnra òun, owó iṣẹ́ nìyẹn. Mo ní kó dín in, ó ní kò dín. Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ. Ọkùnrin kan ní Lamisula sọ iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì rẹ̀, ó ní iná àti họ́ọ̀nù lòun máa wò. Inú mi dùn, mo ní n ó padà wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń gbálẹ̀, mo rí i pé táyà iwájú apá òsì tutù. Táyà yẹn nìkan. Òjò? Nínú oṣù yìí, ní Maiduguri? Mo ní ewúrẹ́ ará ilé kejì ló wá tọ̀ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín o! Kò rùn rárá. Omi lásán ni, ó tutù bí omi inú àmù. Zakiyyah ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kẹ́tù bàbá rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà, inú rẹ̀ gbẹ.

Ará Lamisula tún dín owó kù fún mi; nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, omi náà ti pọ̀ sí i, ó ti ń kán sílẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo ra àgádágodo tuntun sí géètì, mo fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Lẹ́yìn náà ni mo pàdé Rasaq, ọmọ ìlú wa, tó ń bá èèyàn gba ìwé ọkọ̀. Ní ìdálẹ̀, ẹni tó bá ti fi èdè ilé kí ọ, o ti gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ gbé ọkọ̀ kankan wá. Ẹ sáà fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, ìwé á dé ọwọ́ yín." Owó tó dá lé e kò tó iye tí mo fi ń ra ìrẹsì ọ̀sẹ̀ kan. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Rasaq ti fẹ́ sọ ọkọ̀ mi lórúkọ láì rí i sójú, èmi náà sì ń yọ̀! Mo ṣèlérí pé n ó mú owó wá láàárọ̀.

Láàárọ̀ yẹn, Amudat, omi náà ti ṣàn láti abẹ́ ọkọ̀ wá dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Yanrìn Maiduguri tó máa ń mu omi bí ẹni tó gbààwẹ̀ kò mu ún. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òtútù rẹ̀ wọ̀ mí léegun. Zakiyyah wá dúró lẹ́yìn mi. Ọmọ yẹn, bí ẹ̀rù bá ti bà á, Yorùbá máa ń sá fún un ni. Ó ní, "Mama, ruwan Baba ne." Omi bàbá òun ni. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà tó sì mọ ẹni tó ni ín.

Mo wọ ọkọ̀. N kò yà lọ́dọ̀ Rasaq. Ọ̀dọ̀ Mallam Modu olówó màlúù ni mo forí lé, jẹ́jẹ́ ni mo ń wà á, àdúrà kún ẹnu mi. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní kí n wá wò ó. Rọ́bà tó ń gbé epo búrèkì lọ sí táyà iwájú apá òsì ti là, díẹ̀ ló kù kó já. Ó ní, "Hajiya, èyí kò ní gbé yín kọjá Benisheikh." Benisheikh ni ìlú tí à ń gbà kọjá ká tó dé Damaturu.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní ṣé epo búrèkì ni mo ń rí látọjọ́ yìí tí mo ń bẹ̀rù kiri! Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan inú táyà, ó fi hàn mí. Epo ni, ó ń yọ̀, ó ń rùn. Ó wá fi ìka mìíràn kan ìta táyà kan náà. Omi ni. Amudat, mo ti wa ọkọ̀ yẹn nínú oòrùn láti Gamboru, títì gbóná débi tó lè yan ẹ̀pà, táyà mẹ́ta yòókù gbẹ táútáú, èyí ṣì ń kán tó, tó. Ó béèrè ẹni tó bá mi fọ táyà kan ṣoṣo. Ó wo ojú mi títí, ó wá ní, "Allah ya jiƙansa," àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe fún òkú. N kò sì tíì sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kú.

Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé àfi tí mo bá pààrọ̀ rọ́bà náà. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún un yẹ̀ wò, ó fọwọ́ sí i. Mo san owó rẹ̀ pé, n kò ní kó yọ kọ́bọ̀ kan. Èmi Ràfíátù!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sáré jáde. Táyà gbẹ. Yanrìn gbẹ. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Mo jókòó ti táyà yẹn, mo sunkún ju ọjọ́ tí wọ́n sin ín lọ. Ó ti ṣe ohun tó bá wá, ó ti lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ, èmi ni mo gbé kẹ́tù. Mo da omi sára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítòsí Benisheikh, agbo màlúù ya bo títì lójijì. Mo tẹ búrèkì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì dúró, ó ku díẹ̀ kí ìwo ọ̀kan nínú wọn gún gíláàsì. Zakiyyah kò wo màlúù. Ó na ọrùn síhà táyà iwájú apá òsì, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Mo ti padà sílé báyìí, èmi nìkan. Bá mi kí bàbá Dúrósinmí, ní kó jẹ́ kí ẹni tó máa wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa yẹ̀ ẹ́ wò, iye yòówù kó gbà. Kí Dúrósinmí fún mi, àti gbogbo ará ilé. Láàárọ̀ yìí, mai ruwa bi mí pé kí ni mo ń fi kẹ́ẹ̀gì kan tí mo fi lé ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Mo ní ti ọkọ mi ni.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní yé dúnàádúrà, àfi lórí búrèkì,

Ràfíátù