Àpilẹ̀kọ Nípa Eyín Ajá

Ragnfrid ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bergen, ṣé òjò ibẹ̀ ò ti rin ẹ́ jù? Ara tèmi le, àfi ìbàdí mi. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, á sì jẹ́ kí o parí ẹ̀kọ́ nípa òkú àti ọ̀daràn tí o ń kọ́ yìí láìlá àlákálàá.

N kò ní fi orúkọ mi sí lẹ́tà yìí, má bẹ̀rù. Ìwọ lo sọ pé àpilẹ̀kọ àwọn ọ̀mọ̀wé kì í ṣe ojúlówó àfi bí èèyàn méjì tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́ bá kọ́kọ́ kà á, tí wọ́n tọ́ka àṣìṣe ibẹ̀. Ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ kò gba ìkọkúkọ, lèmi náà ṣe wá èèyàn méjì.

Ọ̀ràn ọ̀hún rèé. Lọ́jọ́bọ̀, Torleiv aládùúgbò wa bá òkú ọmọ àgùntàn rẹ̀ méjì lórí òkè, ó ní Tass ajá wa ló pa wọ́n, bó bá di Sátidé òun á yìnbọn fún un. Mo ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Mo gbé téèpù ìránṣọ lọ síbẹ̀, mo wọn ojú eyín tó wà lọ́rùn wọn, láti ihò kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Jọ̀ọ́, lọ sí ilé-ìkàwé yunifásítì yín, bá mi wá àpilẹ̀kọ tó sọ bí eyín kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe jìnnà síra tó. O ní inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n tètè lọ láàárọ̀, kí àwọn tó jí ṣáájú má baà yá a tán.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn tí mo fi gbé e fún Oddny, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìkàwé wá sí abúlé wa. Ó ní kí n yọ ìtàn ìbàdí mi tó gba odidi ojú ewé kan kúrò, mo sì yọ ọ́. Ẹnì kejì ni Torleiv, torí ilé mẹ́rin péré la jẹ́ níbí, àwọn tó kù sì ti lọ pẹja. Mo ní n kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ẹni yòówù kó jẹ́, ìkọ̀wé rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń kọ ìkíni Kérésì sí òun láti ọgbọ̀n ọdún. Ó jókòó nídìí tábìlì mi, ó mu kọfí ife méjì, Tass sì gbórí lé e lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé pé òǹkọ̀wé kò wọn eyín ajá fúnra rẹ̀.

Òótọ́ sì ni. Mo la Tass lẹ́nu, mo wọ̀n ọ́n. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin géérégé. Ojú tì mí. Ọdún mọ́kànlá ni ajá yìí ti wà pẹ̀lú mi, láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú.

Torleiv wo téèpù náà títí. Ó ní ìwọ̀n ẹyọ kan ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àbí ta ló mọ̀ bóyá bí ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ṣe rí nìyẹn, òun ò ní yìnbọn títí àpilẹ̀kọ á fi dé láti Bergen. Ó wá bi mí pé ṣé ilé-ìkàwé yẹn tóbi. Mo ní ó tóbi gan-an.

Bí owó ọmọ àgùntàn méjì bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́, kí n fún un. Ọ̀nà rẹ á là, ọmọ mi, o ò ní wá ohun rere tì. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ yìí, má kánjú wá a. Tass ti darúgbó.