Iyẹ̀pẹ̀ Tí Mo Tọ́jú De Qoyyum

Bàbá Qoyyum, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ lọ! Ọdún mẹ́ta tí èmi Hàlímọ̀tù, aya yín, ń bu tíì sí kọ́ọ̀bù méjì láàárọ̀, tí màá tún da ọ̀kan nù.

Ẹ ṣì ń wá sójú àlá mi. Ẹ máa ń jókòó létí fèrèsé wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, òjò á máa rọ̀ wọlé, aṣọ yín ò sì ní tutù. Ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: Qoyyum ńkọ́?

Kí ni kí n wí? Àkọ́bí wa lọ sílé lọ kí ìyá yín, ìjọba tì í mọ́lé. Kò jalè, kò pààyàn. Wọ́n ní kó má baà da ìlú rú lọ́jọ́ iwájú ni! Ẹ̀yin lẹ gba lọ́yà láti ìhín, ẹ̀yin lẹ pè wọ́n lẹ́jọ́. Ikú ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdájọ́.

Lọ́jọ́ tí a sin yín ní ìhà Forest Hill, gbogbo ọkùnrin ló bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè yín. Qoyyum ò sí níbẹ̀. Mo bu tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì, kó lè wá dà á fúnra rẹ̀. Lèmọ́mù ní kò sí nínú ẹ̀sìn. Mo ní mo gbọ́, mo sì gbé agolo mi lọ sílé.

Ẹjọ́ yín ò kú o! Adájọ́ kan ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Kó tó dé ẹnu géètì ẹ̀wọ̀n, ìjọba ti buwọ́ lu ìwé àṣẹ míì láti tún tì í mọ́lé. Lọ́yà tún padà sí kóòtù. Bí a ṣe ń retí, Yusrah àbúrò rẹ̀, tí kò mọ iyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú agolo, lọ gbin efinrin sí i. Háà! Mo pariwo, mo sunkún. Àmọ́ ó hù, òórùn rẹ̀ gbalé kan. Mi ò lè fà á tu.

Lóṣù tó kọjá, adájọ́ ní ẹni tó bá fẹ́ ti ènìyàn mọ́lé gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe. Ó fagi lé àṣẹ náà, ó ní wọn ò gbọdọ̀ kọ òmíràn. Qoyyum ti dé! Ó rù, orí rẹ̀ ti ń hewú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yín ló ń rín.

Àná ló da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sórí sàréè yín, tòun ti efinrin. Nígbà tí mo sùn, ẹ wá. Ẹ jókòó, ẹ ò bèèrè nǹkan kan.

Olówó orí mi, ẹ má torí pé ọmọ ti dé kí ẹ má wá mọ́ o! Àárò yín ṣì ń sọ mí. Mo ṣì fẹ́ràn yín. Mo ti bu tíì yín.