Ìbéèrè Kẹsàn-án Nínú Fọ́ọ̀mù Ajá

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi èyí sí òkè ìwé kí o má baà máa wá a kiri nísàlẹ̀. Ìmọ̀ràn tí o gbà mí lórí fóònù, mo gbọ́ ọ, ti ọkọ rẹ náà, mo gbọ́ ọ, ti ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà tó ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, mo gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú, mo sì ti kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí mo ń kó ìgbálẹ̀ sí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o. Ọmọ káfíńtà ọ̀kánkán wa ní kí òun bá mi kọ ọ́, mo ní ìwé mẹ́ta tí mo kà nílé ìwé, mi ò tíì ná an tán.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin yẹn ń lọ déédéé? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àtẹ̀gùn tí o ń gùn lójoojúmọ́ yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà tí o bá gbà, kó tẹ́jú fún ọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àmín.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Òrùlé ilé ìdáná jò, wọ́n dí i, ó tún ń jò níbòmíràn bí ẹni tó ń bá mi ṣeré. Ìyá oníbúrẹ́dì ti di ìyá àgbà, ọmọ rẹ̀ bí ìbejì, láti ìgbà náà kì í kí ẹnikẹ́ni mọ́, fọ́tò ló máa ń nà sí èèyàn. Mo ti wo fọ́tò náà nígbà mẹ́tàdínlógún. Ọmọ ni wọ́n. Káfíńtà ọ̀kánkán ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kan pákó láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ó sàn kó máa kan pákó ju kó jókòó kó máa ka ẹ̀bi òun lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ajá. O ní mo lọ ra ajá apànìyàn. N kò ra á. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ìparí òpópónà wa, ẹni tí ẹ máa ń pè ní Ojú-Iná, òun ló ni ín. Pítíbúlù ni wọ́n ń pe irú ajá bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ tó ìkòkò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ẹni tó ń jẹ nǹkan tí kò fẹ́ kí a rí. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ṣéènì so ó mọ́ irin kó lè burú, kí wọ́n lè máa mú un lọ bá ajá ẹlòmíràn jà, kí àwọn ọkùnrin tí kò níṣẹ́ máa ta tẹ́tẹ́ lé e. Nígbà tí Ojú-Iná kó lọ, ó kó irin, ó kó ẹ̀rọ, ó yọ fèrèsé pàápàá, ó fi ajá sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò gbó, ó kàn ń kùn ni, bí aláìsàn tí kò fẹ́ da nọ́ọ̀sì láàmú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi fọ aṣọ nílé ìwòsàn, mo mọ ohùn yẹn. Mo bu omi, mo lọ.

Káfíńtà ti pe àwọn tó ń gba ajá là. Wọ́n dé tàwọn tọkọ̀ wọn, wọ́n mú ọ̀pá gígùn tó ní okùn lẹ́nu dání, ajá náà fún ara mọ́ ògiri, ó ń fi eyín hàn wọ́n. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀pá wọn jìnnà. Mo jókòó lórí bulọ́ọ̀kù, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń bá káfíńtà sọ̀rọ̀ bí ọṣẹ ṣe wọ́n. Kò pẹ́, nǹkan kan tó wúwo bà lé èjìká mi. Orí rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn náà ò mí mọ́. Èmi ń bá ọ̀rọ̀ ọṣẹ lọ.

Wọ́n gbé e lọ láti tọ́jú ojú egbò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, èjìká mi yìí kò gbàgbé. Mo wọ bàtà, mo wọkọ̀, mo lọ bá wọn. Ọ̀gá wọn obìnrin kan máa ń wọ bàtà òjò lójú oòrùn gangan, Oníbàtà-Òjò ni mo ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi lóhùn. Mo rò pé wọ́n á ní kí n máa mú un lọ ni, wọ́n gbé ìwé lé mi lọ́wọ́. Ojú ewé mẹ́rin! Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó gbé ẹnì kankan nínú yín lé mi láyà. Ìbéèrè kìíní ní, ṣé ilé onífẹ̀ẹ́ ni ilé mi. Mo kọ ọ́ pé nígbà tó kún, bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì ní, àwọn wo ló ń gbé inú ilé. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fà. Mo kọ ara mi sí ìlà kìíní, mẹ́ta wá ṣófo, ó tì mí lójú, mo bá kọ yín sí i: àkọ́bí, ń bọ̀; èyí tó tẹ̀ lé e, ń bọ̀; àbíkẹ́yìn, ń bọ̀. Oníbàtà-Òjò kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní Màmá, ẹni tó ń gbé inú ilé ni ìwé ń béèrè, kì í ṣe ẹni tó ń bọ̀. Mo ní ẹni tó kọ ìwé yẹn kò tíì bímọ.

Wọ́n tún béèrè wákàtí mélòó ni ajá yóò máa dá wà lójúmọ́. Mo kọ òdo. Mo ní èmi ni mo máa ń dá wà, bí òun bá dé, àwa méjèèjì ò dá wà mọ́, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bó ṣe wù yín. Wọ́n ní kí ló lè mú kí n dá ajá padà. Mo kọ ọ́ pé alágbàfọ̀ ni mí, aṣọ nìkan ni mo máa ń dá padà. Ìbéèrè kẹsàn-án ló dá mi dúró, n óò dé orí rẹ̀. Wọ́n ṣáà gbé ajá fún mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n fi wò mí ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ níbẹ̀.

Málọ ni mo sọ ọ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnu géètì ló ń dúró sí, ó ń wo ọ̀nà. Èmi náà máa ń wo ọ̀nà, ṣùgbọ́n èmi máa ń ṣe bí ẹni pé aṣọ ni mo ń sá. Káfíńtà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bí mo bá ń kígbe pé Málọ, jáde, ajá náà kò mọ èwo lòun ì bá ṣe nínú méjèèjì. Mo ní ajá mi gbọ́n ju káfíńtà lọ. Àwọn èèyàn ń sá gba òdìkejì títì nítorí rẹ̀, ajá tó ń bẹ̀rù ìgbálẹ̀! Bí mo bá ti mú ìgbálẹ̀, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí, orí rẹ̀ nìkan ló ń wọlé, ìyókù ara á wà níta, ó rò pé a ò rí òun. Bí mo bá ń lọ aṣọ, orí ẹsẹ̀ mi ló máa ń dùbúlẹ̀ sí. Ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ á kú mọ́ mi lára, n kì í yí i.

O wá pa òwe fún mi pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ta ló kọ́ ọ lówe? Ajá yìí ti sọnù kí n tó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo gbọ́ ọ.

Àwọn èèyàn náà máa ń wá bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wá ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tàwọn ti bébà. Wọ́n béèrè ṣé ó ń sùn. Mo ní ó ń sùn, èmi ni oorun mi ń já. Wọ́n ní ṣé ó ń jẹun. Mo ní a jọ ń jẹun. Wọ́n ní ṣé ibì kankan ń dùn ún. Mo ní orúnkún òsì ni, pàápàá bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Obìnrin tó ń kọ ọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ajá. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fi òróró ìpara ránṣẹ́ fún orúnkún Málọ. Mo wo Málọ, Málọ wo mí. Mo fi pa tèmi, ó sì ń ṣiṣẹ́, kí o mọ̀.

Wọ́n tún fi nǹkan kan bí hóró ìrẹsì sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, níbikíbi tó bá sọnù sí, wọ́n á mọ ilé tó ti wá. Mo mú un lọ bá obìnrin tó ń ta káàdì fóònù pé kó bá mi fi owó sí nọ́ńbà náà kí n lè máa pè é bí mo bá lọ sọ́jà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kó máa rín in lọ. Ohun tí èmi ń rò ni pé ká ní wọ́n ti ń fi í sọ́rùn èèyàn nígbà tí mo bí ọ, ǹ bá ti sanwó rẹ̀.

Ìbéèrè kẹsàn-án nìyí: ta ni yóò gba ajá náà bí àìsàn bá dá yín gúnlẹ̀, tàbí bí ẹ kò bá sí mọ́? Oníbàtà-Òjò rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó kà á, bí ẹni pé n kò mọ̀ pé èèyàn máa ń kú. Mo ní mo ti ń fọ aṣọ òkú kí wọ́n tó bí i. Ó wá mú mi lọ wo abo ajá kan nínú yàrá ìkẹyìn, irú ti Málọ. Bàbá arúgbó kan ló gbà á, ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, bàbá kú, ní ọjọ́ kejì àwọn ọmọ dá a padà, wọ́n ní àwọn ò lè fi irú ajá yẹn sínú ilé. Kì í jẹun bí ẹnikẹ́ni bá ń wò ó. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣòfin: ẹni tí yóò gba ajá lẹ́yìn mi gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó fọwọ́ sí ìwé lójú wọn, kí ajá gbóòórùn rẹ̀ kó sì jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kọ orúkọ rẹ sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà ti ń sá fún ajá láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ ti lé e, èkejì wà lókè òkun. Ìwọ lo kù. Ìwọ lo gbé ọmọ ajá wọlé nínú báàgì ìwé rẹ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí mo ní kó padà síbi tó ti wá, tí o sunkún títí o fi sùn. Mo ṣàṣìṣe lọ́jọ́ náà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí yìí, n kò ní fi ẹnu sọ ọ́.

Bí oṣù yìí bá parí tí o ò dé, tọkọtaya kan wà tó ń dúró de Málọ. Ọgbà wọn fẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín dáadáa, mo ti wádìí wọn, ilé wọn dára. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

O ní kí wọ́n fi ìwé náà sórí fóònù, o máa fi ìka fọwọ́ sí i láti ọ̀hún. Àbíkẹ́yìn mi, báwo ni ajá ṣe fẹ́ gbóòórùn ìka inú gíláàsì? Mo dán an wò. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè tí ojú rẹ hàn, mo gbé ọ sí i nímú. Ó lá ọ lójú. Ni o bá dúró gan-an, ẹnu rẹ là sílẹ̀ díẹ̀, o ń wò mí. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọ ni. Mo jókòó tì ọ́, n kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde. Bẹ́ẹ̀ la jọ wà títí iná fóònù fi kú. Obìnrin oníkáàdì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, ó ní o ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Mo ní kò burú, èmi wà níbẹ̀.

Nígbà tí a sin bàbá yín, o ní ọjọ́ méje lo máa lò lọ́dọ̀ mi. Mo fọ aṣọ ibùsùn méje, mo fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ wọ́n, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì fóònù dún, wọ́n ń wá ọ níbi iṣẹ́, o dì mọ́ mi, o ní ó di ìgbà míì. Ó pé ọdún mẹ́rin. Márùn-ún ṣì wà nínú àpótí. Ọdọọdún ni mo ń kó wọn jáde, tí mo ń fọ̀ wọ́n, tí mo ń lọ̀ wọ́n padà, torí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé máa ń gbó ju èyí tí wọ́n sùn lé lọ. Málọ fẹ́ sùn sórí ọ̀kan, mo lé e. Mo tẹ́ aṣọ ilé ìwòsàn fún un. Mo ní èyí tó wà nínú àpótí ti ní ẹni tó ni ín.

Oníbàtà-Òjò ní ọjọ́ kan tó kí ajá mọ èèyàn. Ọjọ́ kan tó fún ajá.

Mo fẹ́ okùn awọ fún ọrùn rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì. Mo fẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ tó dára, àti owó páànù mẹ́ta fún ilé ìdáná. Má fi ránṣẹ́ o. Èyí tí o ń fi sí báǹkì, báǹkì máa ń kọ̀wé sórí fóònù mi pé owó ti wọlé, mo máa ń kọ ọ́ padà sí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí ọmọ mi. Mi ò rò pé wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá. N kò bẹ̀ ọ́ o, n kì í bẹ̀bẹ̀.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó má gbàgbé àbọ̀. Bó bá kan ìwọ náà lọ́jọ́ alẹ́, tí wọ́n gbé irú ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, kí ìlà kankan má ṣófo nínú rẹ̀. Kí ọkọ rẹ fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ, alágbàfọ̀.

O jẹ mí ní ọjọ́ márùn-ún. Wá san án.